Ìyá Létí Pápá: Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Eré Bọ́ọ̀lù

Ohun kan wà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìdíje. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè báyìí, gbogbo ìyá tí ó wà létí pápá ni yóò gbé fóònù sókè. Wọn a yà á, wọn a tún un yà. Àwòrán a di ogún, a di ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá délé, tí bàbá ọmọ bá ní kí a gbé e wá kí òun náà wò ó, kí ni a máa ń bá nínú rẹ̀? Koríko gbalaja, ojú ọ̀run, àti àwọn ọmọ tí wọ́n rí bí èèrà lọ́nà jíjìn. Èyí tí í ṣe ọmọ tiwa láàárín wọn, ẹ̀yìn ni ó kọ sí wa. Bọ́ọ̀lù gan-an kò sí níbẹ̀.

Ẹ má ṣe dá fóònù lẹ́bi. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ pé irin iṣẹ́ ni kò dára. Ibi tí a dúró sí àti àkókò tí a tẹ bọ́tìnnì ni ó sábà máa ń ba àwòrán eré jẹ́, méjèèjì ni a sì lè kọ́ láàárín oṣù díẹ̀ láìná owó púpọ̀.

Eré bọ́ọ̀lù kò dà bí ìgbéyàwó, níbi tí onífọ́tò ti lè ní kí ìyàwó padà wọlé kí ó tún jáde wá. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbá sínú àwọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò ní padà wá mọ́ láé. Nígbà tí ọdún bá fi máa yípo, ẹsẹ̀ ọmọ náà yóò ti gùn sí i, eyín iwájú tí ó ká yóò ti hù, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò sì ti di ti àbúrò. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ yìí yẹ ní kíkọ́, ìbáà ṣe fún ìrántí inú ilé, ìbáà ṣe fún owó. Obìnrin tí ó ti ń bá ọmọ rẹ̀ lọ sí pápá tẹ́lẹ̀ sì ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò ń wá kiri: a mọ̀ ọ́n níbẹ̀, àwọn ọmọ kì í sì tijú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àlàyé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà bá Bùlùgéríà pàdé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa gbá nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Góòlù mẹ́ta sí òdo ni a fi borí. Rashidi Yekini, ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn rí, ni ó gbá èkíní wọlé. Ẹ ó rántí àwòrán ọjọ́ náà. Ọkùnrin gìrìwò yìí sáré wọ inú ilé lọ, ó na apá rẹ̀ méjèèjì gba inú àwọ̀n kọjá, ó di àwọ̀n náà mú, ó gbé ojú sókè, ó ń ké. Yekini di olóògbé ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá dárúkọ rẹ̀, àwòrán yẹn ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ rí dì mú nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé bọ́ọ̀lù ti wọlé kí ohun tí a ń rántí tó ṣẹlẹ̀. Góòlù náà kò ní ìṣòro. Finidi George ni ó gbé e wá síwájú ilé, Yekini kàn tì í wọlé ni. Onífọ́tò tí ó bá sọ kámẹ́rà kalẹ̀ láti pàtẹ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé ti pàdánù ọjọ́ náà. Èkejì ni pé ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn àwọ̀n ni Yekini kọjú sí. Ẹni tí ó wà láàárín pápá, bí ó ti wù kí kámẹ́rà rẹ̀ wọ́n tó, ẹ̀yìn aṣọ nìkan ni yóò rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ ibi ìdúró, nítorí pé òun ni àgbà nínú iṣẹ́ yìí.

Pápá tí a fi ń gbá ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè máa ń gùn tó mítà 100 sí 110. Ti ilé-ẹ̀kọ́ lè kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró sí àárín gbùngbùn ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi tí àwọn òbí máa ń tẹ́ àga sí, ilé kọ̀ọ̀kan yóò jìnnà sí yín tó ààbọ̀ gígùn pápá náà. Eré ń lọ sọ́tùn-ún, eré ń lọ sósì, ẹ̀yin yóò sì máa yí orí bí aago ògiri. Ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ lọ sí ìpẹ̀kun pápá, sí àárín àsíá igun àti òpó ilé, kí ẹ sì dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn ìlà. Ìpẹ̀kun tí ẹgbẹ́ ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù lọ ni kí ẹ yàn. Láti ibẹ̀, àwọn ọmọ yóò máa sáré bọ̀ wá bá yín, ojú wọn yóò sì kọ sí yín. Nígbà tí wọ́n bá sinmi láàárín eré, tí wọ́n sì pààrọ̀ ilé, ẹ̀yin náà ẹ gbéra, ẹ lọ sí ìpẹ̀kun kejì.

Bí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ ilé, tí àwọn ọmọdé ń pè ní gólì, ọ̀rọ̀ yí padà. Òun kì í kúrò lójú kan, nítorí náà ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ní ọ̀gangan ibi tí ilà ńlá iwájú ilé rẹ̀ parí sí. Ẹ ó máa wo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì rí ọwọ́ rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù tí ń bọ̀ pọ̀. Ẹ ní sùúrù fún un. Ó lè dúró fún ogún ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kan nǹkan, kí ó wá fò bí ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. (Àwọn ìyá gólì mọ ohun tí mò ń sọ, kò sí ìyá tí àyà rẹ̀ ń já tó tiwọn.)

Ẹ wo oòrùn kí ẹ tó wo eré. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìdíje wa, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, oòrùn sì ti ń lọ sí ìwọ̀ nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí ó wà lẹ́yìn yín tàbí ní èjìká yín. Bí ẹ bá kọjú sí i, gbogbo ọmọ tí ó wà níwájú yín yóò di òjìji. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yìí dára fún àwọ̀ ara wa, nítorí pé ó máa ń wọ ojú láti ẹ̀gbẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹyin ojú hàn. Oòrùn ọ̀sán gangan, tí ó dúró sí àtàrí, a máa da òjìji sí ihò ojú. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: bí ọ̀run tí ó mọ́ yòò tàbí ògiri funfun bá wà lẹ́yìn ọmọ aláwọ̀ dúdú, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì mú ojú ọmọ náà ṣókùnkùn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fi ìka kan ojú ọmọ náà, ẹ ó rí àmì oòrùn kékeré; ẹ fà á sókè díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, bọ́tìnnì tí ó ní àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò wà fún èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn eré. Kí ni ó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ náà? Bí ó bá jẹ́ ilé ìgbẹ́ tàbí ọ̀wọ́ ọkọ̀ àwọn òbí, ẹ sún ìṣísẹ̀ méjì kí igi tàbí àwọn òǹwòran lè bọ́ sí ibẹ̀. Kí ẹ sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Àwa obìnrin Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ti ibí yìí kì í ṣe ti ìkíni. Bí a bá ya ọmọdé láti òkè, ó máa ń kéré sí i, koríko nìkan ni yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá yà á láti ìsàlẹ̀, yóò ga, bọ́ọ̀lù tí ó fò yóò sì hàn lójú ọ̀run. Ìró kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wọ ṣòkòtò tàbí aṣọ tí ó fẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ lè dìde kíákíá bí bọ́ọ̀lù bá dojú kọ yín.

Nípa irin iṣẹ́, n kò ní pẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kámẹ́rà a máa kó ènìyàn lọ́kàn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí fóònù ni ẹ ní, ẹ fi fóònù bẹ̀rẹ̀. Ẹ nu ojú lẹ́ńsì rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé, nítorí pé òróró ọwọ́ tí a fi dáná wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka méjì fa àwòrán wá sítòsí lọ títí. Ó ń wá sítòsí lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò fọ́ yángá-yàngà. Ó sàn kí ẹ dúró kí eré wá bá yín. Ẹ sì wádìí bí fóònù yín ṣe ń ya àwòrán púpọ̀ léraléra. Lórí òmíràn, ẹ óò di bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ ni, lórí òmíràn, ẹ óò fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láàárín ìgbà tí ọmọ gbé ẹsẹ̀ sókè àti ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ lè rí mẹ́wàá yà, ọ̀kan nínú wọn yóò sì dára.

Bí ó bá wá hàn pé ọwọ́ yín mọ́ ọn, tí ẹ sì fẹ́ ra kámẹ́rà, èyí tí a ti lò rí tó. Ohun tí ẹ nílò jù ni lẹ́ńsì gígùn tí ó dé 200 mílímítà, nítorí pé òun ni yóò gbé ojú ọmọ tí ó wà lọ́nà jíjìn wá bá yín. Kámẹ́rà tí ó ti pẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì rere sàn ju kámẹ́rà tuntun pẹ̀lú lẹ́ńsì kúkurú lọ. Ẹ mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dání lọ sí ọjà, kí ẹ ya àwòrán mẹ́wàá pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ dá àjọ fún un. Ẹ má ṣe yá owó èlé, ẹ má sì fọwọ́ kan owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nípa kámẹ́rà ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ dáadáa, òun sì ni ìyára tí ojú rẹ̀ fi ń ṣí tí ó sì fi ń pa dé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Bọ́ọ̀lù fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22. Bí a bá gbá a kí ó máa sáré mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ojú kámẹ́rà sì ṣí fún ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá, bọ́ọ̀lù náà yóò ti rìn sẹ̀ǹtímítà 16 kí ojú náà tó pa dé. Èyí ni pé yóò gùn nínú àwòrán bí ẹ̀gúsí, kò sì ní rí róbótó mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí fún ìdá kan nínú 1000, sẹ̀ǹtímítà 2 péré ni bọ́ọ̀lù náà yóò rìn. Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti rí ni ti ẹsẹ̀ àti ti ọwọ́ náà rí. Nítorí náà, ẹ yí orí kámẹ́rà sí S (ti Canon ni Tv), kí ẹ fi í sí 1/1000. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 1/500, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọjá ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ISO máa yan ara rẹ̀. Yóò ga bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń dínkù, àwòrán yóò sì ní èérún díẹ̀ bí ìgbà tí a bu iyanrìn lé e. Kò burú. Àwòrán tí ó ní èérún ṣì ń fi ojú ọmọ hàn. Èyí tí ó dàrú kò fi nǹkan kan hàn. Ẹ tún ṣètò kámẹ́rà kí ó máa tẹ̀lé ẹni tí ń sáré: Canon ń pe èyí ní AI Servo, Nikon àti Sony sì ń pè é ní AF-C.

Láyé fíìmù, ihò mẹ́rìndínlógójì ni ó sábà máa ń wà nínú fíìmù kan. Owó ni fíìmù, owó ni fífọ̀ rẹ̀, ènìyàn kò sì ní rí ohun tí ó yà títí a ó fi fọ̀ ọ́ tán. Onífọ́tò ìgbà náà kò lè máa tẹ bọ́tìnnì lásán. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń dúró. Káàdì òde òní ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìgbékúùgbé sì ti wọ inú iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ìdíje kan gbára yín wò: 36 péré ni ẹ óò yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ẹ bá fi máa lo ogún, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé èjìká ọmọ máa ń sọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣe. Bí ọmọ tí ó wà létí ìlà bá gbójú sókè wo iwájú ilé, ó fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀ ni; kí ẹ ti kúrò lára rẹ̀, kí ẹ ti kọ kámẹ́rà sí àwọn tí ń dúró dè é. Bọ́ọ̀lù yóò bá yín níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi kámẹ́rà lé bọ́ọ̀lù kiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò máa rí.

Kí ni a sì ń dúró dè? Ojú ọmọ, bọ́ọ̀lù, àti ọmọ mìíràn tí wọ́n jọ ń du bọ́ọ̀lù náà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sínú àwòrán kan, ẹ ti ṣe iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí rẹfirí bá sì fọn fèrè, ẹ má ṣe sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá. Láàárín ìgbà yẹn ni ọmọ tí ó borí yóò fò mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, tí èyí tí ó pàdánù yóò jókòó sílẹ̀, tí kóòṣì yóò sì bọ́ fìlà. Ẹ máa ya àwọn tí ó jókòó sórí àga ìfidípò pẹ̀lú. Ọmọ tí a kò pè wọ pápá rárá ní ìyá nílé.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ bí obìnrin sọ̀rọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa púpọ̀, ọjọ́ tí àwọn ọmọkùnrin bá ń gbá bọ́ọ̀lù, èrò á kún, fóònù á pọ̀ bí eéṣú. Nígbà tí ó bá kan àwọn ọmọbìnrin, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń palẹ̀ àga mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì ní ìdí láti fojú tín-ín-rín wọn. Àwọn obìnrin Nàìjíríà ti wà nínú Ife Àgbáyé àwọn obìnrin láti ìgbà tí wọ́n ti gbá àkọ́kọ́ ní Ṣáínà ní ọdún 1991, wọn kò sì pa ọ̀kan jẹ títí dé ti ọdún 2023. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, ní ìlú Rabat, Mòrókò kọ́kọ́ fi góòlù méjì ṣáájú wọn, kí wọ́n tó dá mẹ́ta padà, tí wọ́n sì gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá. Asisat Oshoala, tí a bí ní Ìkòròdú, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn òbí òun kò kọ́kọ́ fẹ́ kí òun máa gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2021, òun àti ẹgbẹ́ Barcelona gba ife ẹ̀yẹ tí ó ga jù fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní Yúróòpù. Ọmọbìnrin mélòó ni ó ń sáré lórí iyẹ̀pẹ̀ ní àdúgbò yín lónìí, tí yóò di ẹni ńlá lọ́la, tí kò sì ní ní àwòrán kan ṣoṣo láti fi hàn pé òun ti ṣe ọmọdé rí lórí pápá? Bí ẹ̀yin bá dúró, tí kámẹ́rà yín sì dúró, yóò ní in. N kò tilẹ̀ sọ pé kí ó di ẹni ńlá. Kí ó wò ó nígbà tí ó bá di ìyá, kí ó sì rántí bí òun ti yára tó, ìyẹn náà ní iyì.

Létí pápá, ìwà ni yóò jẹ́ kí a tún pè yín wá. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sì lọ kí rẹfirí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ ìlà mọ́lẹ̀, ẹ má sì dúró sí ọ̀nà igbákejì rẹfirí tí ń mú àsíá sáré létí pápá. Ẹ má ṣe lo iná kámẹ́rà, nítorí pé ó lè dà bo ojú gólì ní àkókò tí kò yẹ. Ẹ la ojú méjèèjì: ọ̀kan nínú kámẹ́rà, èkejì lórí pápá, torí bọ́ọ̀lù kì í kí ènìyàn kí ó tó dé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pọn ọmọ wá sí ibi tí mo ní kí ẹ dúró sí yìí. Bọ́ọ̀lù tí ó ṣìnà yóò ba ìyá lára, ìyá yóò sì gbàgbé; bí ó bá ba ọmọ ẹ̀yìn lórí, ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn. Ẹ fa ọmọ ọwọ́ lé ẹnìkan lọ́wọ́ láàárín àwọn òǹwòran, tàbí kí ẹ sinmi ti ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ọmọ ọlọ́mọ gba ìṣọ́ra ju gbogbo èyí lọ. Àwòrán tí ẹ fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé ojú ọmọ rẹ̀ síta, ẹ má sì so orúkọ ọmọdé àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí ó fi ara pa, ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ya, ọmọ tí ó ń sunkún nítorí pé òun ni ó gba pẹnáritì sókè: ẹ lè yà á bí ẹ bá rò pé yóò wúlò fún un lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi lé lọ́wọ́.

Òjò àti eruku ni ọ̀tá kámẹ́rà. Ẹ fi ọ̀rá ńlá kan sínú àpò, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ kí lẹ́ńsì lè yọ jáde, kí ẹ sì fi rọ́bà so ó. Òjò kò ní rí i gbé ṣe. Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe yọ lẹ́ńsì létí pápá rárá, nítorí pé eruku yóò wọ inú rẹ̀, àmì dúdú yóò sì máa wà lára gbogbo àwòrán yín. Bátìrì kejì kì í pọ̀ jù.

Bí ẹ bá ti ń ya ọmọ ẹlòmíràn pẹ̀lú tiyín, àwọn òbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ẹ fún wọn ní èyí àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì dá iye lé èyí tí ó tẹ̀lé e. Àwòrán tí a tẹ̀ sórí bébà máa ń tà ní ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́ ju èyí tí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù lọ, nítorí pé ìyá àgbà nílé náà fẹ́ ní tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń ṣe ìwé ọdọọdún yóò wá yín, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò yóò wá yín. Pápá ìṣeré ńlá, níbi tí àwọn onífọ́tò ìwé ìròyìn ti ń wọ aṣọ àmì, ìwé àṣẹ ni a fi ń wọ ibẹ̀, àwọn iṣẹ́ kékeré wọ̀nyí ni ẹ óò sì fi hàn kí wọ́n tó fún yín. Bí ọkọ bá ń kùn pé kí ni obìnrin ń wá lẹ́yìn ilé góòlù, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ ka iwájú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń jẹun.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìdíje, kí oorun tó gbé yín lọ, ẹ yan àwòrán. Nínú igba, bí mẹ́jọ bá dára, ẹ ti ṣe dáadáa. Ẹ da ẹ̀dà wọn sí ibi méjì, kí ẹ tó pa ìyókù rẹ́. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ sórí bébà, ẹ fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ ọjọ́, ibi, iye góòlù àti orúkọ àwọn ọmọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo wọn, kì í ṣe ti ọmọ yín nìkan. Bírò a máa tẹ̀ yọ sí iwájú. Bí bébà náà bá ń dán tí pẹ́ńsùlù kò ràn, ẹ kọ ọ́ sórí bébà pélébé mìíràn, kí ẹ fi í sẹ́yìn àwòrán náà nínú àlíbọ́ọ̀mù.